Agbo Ìràwọ̀ Tí Kò Bí Mọ́

Ọjọ́ tí Pirinsípà ní kí n wá ṣàlàyé ìràwọ̀ fún gbogbo ẹbí, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí kí etí mi tó gbọ́ bàtà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó ilé yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Pirinsípà. Ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í fẹnu pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, gbogbo ìlú Ìjẹ̀ṣà-Iṣu náà sì ti gbàgbé orúkọ ọ̀hún. Ó ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama kiri Èkìtì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkọ̀lé, ó kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ọkọ tèmi, Olúyẹmí, ti kú. Ọmọ kan ló fi sílẹ̀ fún mi, Olúwatóyìn. Ẹ̀yìnkùlé Pirinsípà ni yàrá tí èmi àti ọmọ mi ń gbé. Oko kòkó tí ọkọ mi dá sí Òkè-Àkò, ọwọ́ Pirinsípà ló wà, torí òun ni àgbà. Láti inú oko yẹn ló ti ń rán Tóyìn ní yunifásítì ní Adó. N kò ní sọ pé kò rán an. Ó rán an. Àmọ́ kò sígbà tó fẹ́ fún un ní nǹkan tí kò ní jẹ́ kó kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ á fi sàmì sí sìmẹ́ńtì.

Fisíìsì ni Tóyìn ń kọ́. Ó kù díẹ̀ kó parí, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún ìdìbò nìyẹn, 2003. Ó kó ìwé rẹ̀ wálé. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ ṣe, ìwádìí àṣekágbá rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìwádìí náà dá lé lórí.

"Màámi, ìdí tí àwọn agbo ìràwọ̀ kan tó jìnnà sí wa fi dẹ́kun àti máa bí ìràwọ̀ ni."

Mò ń ro ọ̀gì lọ́wọ́ lórí iná. Ẹ̀kọ ni mò ń tà. Mo ní, "Ìràwọ̀ a máa bímọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti ewé gbòdògì tí mo tò sílẹ̀, ó ń bá mi nù ún. Ó ní gbogbo ìràwọ̀ tí a ń fojú rí, inú agbo kan ni wọ́n wà. Ó ní àwọn agbo mìíràn wà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pọ̀ bí iyanrìn.

"Ta ló kà wọ́n?"

"Wọn ò kà wọ́n tán, Màámi."

"Ẹn-hẹ́n."

"Inú gáàsì ni ìràwọ̀ ti ń jáde. Gáàsì yẹn gbọ́dọ̀ tutù kó tó lè kó ara jọ, kó dì, kó di ìràwọ̀. Àwọn agbo kan wà tí kò bí ọ̀kan mọ́. Àwọn ìràwọ̀ àtijọ́ ló kù nínú wọn, àwọn tó pọ́n, tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀."

"Gáàsì wọn ló tán."

"Ti òmíràn tán lóòótọ́. Kò rí tuntun gbà láti ìta. Ti òmíràn, ó bọ́ sáàárín agbo ńlá, wọ́n sì gba gáàsì lára rẹ̀ bí ẹni bọ́ aṣọ lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n òmíràn wà, Màámi, gáàsì ṣì pọ̀ láyìíká rẹ̀, kò kàn lè tutù ni."

"Ta ló ń dáná sí i?"

"Ihò dúdú ni. Àárín gbùngbùn agbo ló wà. Ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn, á gbé e mì. Bó bá sì ṣe ń gbé e mì, iná á máa tú jáde láyìíká ẹnu rẹ̀, á fẹ́ gáàsì tó kù lọ, á mú kí ó gbóná."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Rọra sọ̀rọ̀."

"Màámi, ìràwọ̀ mà ni mò ń sọ."

"Mo mọ̀. Rọra sọ ọ́."

Mo ro ó wò nínú ara mi bí mo ṣe ń bu ọ̀gì gbígbóná sínú ewé. Mo ní, "Ó jọ ẹ̀kọ nígbà náà. Bó ṣe wà lórí iná yìí, ó kún ìkòkò, ṣùgbọ́n o ò lè rí ẹyọ ẹ̀kọ kan mú níbẹ̀. Àfi tó bá kúrò lórí iná."

Ó wò mí. Ó wá fi ọwọ́ tó lẹ́rùpẹ̀ ewé gbá mi mọ́ra, ó ní, "Màámi, èyé mi, ẹ̀yin!" Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ yẹn máa kóbá wa.

Ilé ẹ̀kọ́ Pirinsípà kò ní olùkọ́ fisíìsì nígbà náà. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti sá lọ sí Ìdó. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba sì ń bọ̀ wá wo ilé ẹ̀kọ́ náà, bóyá wọ́n á jẹ́ kó máa gba ọmọ fún ìdánwò àṣejáde. Pirinsípà ní kí Tóyìn wá máa kọ́ àwọn ọmọ. Tóyìn kúnlẹ̀, ó ní òun á wá lówùúrọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìyanṣẹ́lódì bá parí, òun á padà lọ parí ìwé òun.

Pirinsípà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Kí ó lu tábìlì ni mo fẹ́. Bí Pirinsípà bá lu tábìlì, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Bó bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹnìkan máa sunkún.

Lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Àìkú, ó dá wa dúró nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i, ó ń juwọ́ sí wọn. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí a ti ń fi kòkó Olúyẹmí rà. Ó ní, "Ìyá Tóyìn, ìwé mẹ́fà lo kà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, gbogbo ẹbí á jókòó. Ìwọ lo máa ṣàlàyé ohun tí ọmọ rẹ ń kọ́ fún wa. Bí o kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, á jẹ́ pé òfo lọmọ rẹ lọ kọ́, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo kúnlẹ̀. Ní ọkàn mi mo ti mú un pé bí mo bá lè ṣàlàyé rẹ̀, Tóyìn ń padà lọ nìyẹn. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fi kún un.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Tóyìn ń kọ́ mi. Bí mo bá ń lọ ọkà, ó ń bi mí. Bí mo bá ń sẹ́ ọ̀gì, ó ń bi mí. Ó sọ èyí tó ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú jù fún mi: pé ìmọ́lẹ̀ àwọn agbo yẹn pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà bí wọ́n ṣe wà nígbà ìwáṣẹ̀ là ń rí. Àwọn kan ti dákẹ́ láti ìgbà náà, nígbà tí gáàsì pọ̀ káàkiri, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń bí lọ rẹpẹtẹ. Ó ní kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tó tètè pa wọ́n lẹ́nu mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tí òun fẹ́ fojú sí nìyẹn. Bó bá ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ á máa dán. Mo máa ń gbàgbé pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ náà pé. Pálọ̀ Pirinsípà kún. Ìyá Bọ́lánlé, ìyàwó rẹ̀, jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó na ẹsẹ̀. Adéwálé, àbúrò Pirinsípà tó ń gun ọ̀kadà, fara ti ògiri. Àwọn ìyàwó ilé yòókù wà lórí ẹní.

Ìyá Bọ́lánlé ní, "Ẹ dákẹ́ o. Ẹlẹ́kọ fẹ́ gun orí àga ìwàásù."

Adéwálé ní, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń jẹ àkàrà lọ́hùn-ún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀. Mo wo Tóyìn, ó mi orí sí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi ò jáde dáadáa. Mo ní inú gáàsì ni ìràwọ̀ ti ń jáde. Mo ní gáàsì ọ̀hún gbọ́dọ̀ tutù. Mo dúró. Mo tún un sọ. Mo wá rí i pé wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo sọ ti èyí tí gáàsì rẹ̀ tán, mo sọ ti èyí tí wọ́n bọ́ láṣọ. Mo sọ ti ihò dúdú, n kò wo ojú Pirinsípà nígbà tí mò ń sọ ọ́, ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo wá ní, "Ẹ wo ẹ̀kọ. Ó kún ìkòkò, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná, kò lè dì. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ àwọn agbo yẹn rí. Ẹnìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n kúrò lórí iná."

Adéwálé ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Há! Ó mà yé mi o!" Àwọn ìyàwó ilé náà pàtẹ́wọ́. Tóyìn ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yẹn, wọn ò pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Pirinsípà náà pàtẹ́wọ́. Jẹ́jẹ́.

"Ìyá Bọ́lánlé, ó yé ọ?"

"Ó yé mi kedere. Àfi bí ẹni pé mo jẹ ẹ́."

"Ó dáa. Ó ti yé gbogbo ulé." Ó yíjú sí Tóyìn. "Oníwèé mẹ́fà ti sọ ọ́ tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Kí ló tún wá kù ní Adó tí o fẹ́ padà lọ gbé?"

Tóyìn ní, "Sà, kò tíì... ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lèyí. Àwọn tó ń ṣèwádìí rẹ̀ pàápàá ò tíì mọ èwo ló—"

"Nítorí náà, ìyá rẹ parọ́."

"Rárá, sà."

"Ó parọ́ ni, àbí kò parọ́? Sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Sọ pé, 'Ìyá mi ò mọ nǹkan kan.' Kí o tó máa lọ."

Ojú ọmọ mi pọ́n. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ọmọ dìde nínú ẹbí bàbá rẹ̀ kó sọ pé òpònú ni ìyá òun. Títí wọ́n á fi kú ni wọ́n á máa fi bú àwa méjèèjì. Mo ń fi ojú sọ fún un pé kó sọ ọ́. Mo ń ṣẹ́jú sí i. Sọ ọ́, Tóyìn. Kí ni ó já mọ́?

Ó wí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ohun tí Màámi sọ... kò pé."

"Kò pé! Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni, sà."

"Nítorí náà ìwọ gan-an ò mọ̀ ọ́n kọ́. Gbogbo kòkó yẹn, ìwọ ò mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ rí i báyìí? Bó bá pé, kò sí ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Bí kò bá pé, kò sí ohun tó ti ṣe."

Ìyá Bọ́lánlé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Mo fọwọ́ kanlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo há a sórí ni. Bí orin. Kò yé mi rárá."

"O há a sórí?" Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ẹ̀kọ yẹn ńkọ́? Ìwé wo ni wọ́n kọ ẹ̀kọ sí? Orí ara rẹ ló ti wá. Má fi ọgbọ́n rẹ ṣeré, Ìyá Tóyìn. Ẹni tí ó lè kọ́ ìwọ yìí kí ó fi yé ọ, kò sí ọmọ tí kò ní lè kọ́. Lọ́la ló máa bẹ̀rẹ̀ uṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kì í ṣe ti òwúrọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì kúrò nínú ulé yìí láìgbàṣẹ lẹ́nu mi, ìwọ ìyá rẹ̀ náà á tẹ̀ lé e. Torí ọmọ yẹn ni o ṣe ń gbé ẹ̀yìnkùlé mi."

Ìyá Bọ́lánlé wọ yàrá lọ, ó mú síkẹ́ẹ̀tì àti búláòsì jáde, aṣọ àwọn olùkọ́ wọn, aláwọ̀ ewé. Ó jù ú sí Tóyìn lẹ́sẹ̀. "Wọ̀ ọ́ wò."

Ó bá Tóyìn mu rẹ́gí. Wọ́n ti lọ rán an ṣáájú kí n tó la ẹnu mi.

Tóyìn kọ́ àwọn ọmọ náà. Àwọn alábẹ̀wò dé, wọ́n jókòó lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n yìn ín, wọ́n fún Pirinsípà ní ìwé àṣẹ tó ń wá. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Rédíò kéde pé àwọn olùkọ́ yunifásítì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Tóyìn lọ kúnlẹ̀. Pirinsípà ní ó di ẹ̀yìn ìdánwò àwọn ọmọ. Ìdánwò kọjá, ó ní ó di ìgbà tí òun bá rí olùkọ́ mìíràn. Kò wá ẹnikẹ́ni. Ìyá Bọ́lánlé ti ń pè é ní "Tíṣà wa." Ó máa ń ní, "Tíṣà wa, gba omi yìí gbé fún mi kí o tó lọ."

Ohun tó bà mí lẹ́rù ju Pirinsípà lọ ni èyí: Tóyìn dákẹ́. Kò sunkún. Ó ń jẹun, ó ń fọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn, ó ń sá a. Lọ́jọ́ kan, a ń di ẹ̀kọ, mo ní, "Àwọn agbo tó tètè dákẹ́ yẹn, ṣé wọ́n ti wá mọ ohun tó ṣe wọ́n?"

Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Mo kàn bèèrè ni."

"Kò kan èmi mọ́."

Ó ń nu ewé lọ. Kò gbójú sókè. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń nù ún, bí tèmi gẹ́lẹ́ ni. Mo sọ ṣíbí ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo ní, "Múra. O ń lọ sí Adó."

"Màámi, wọ́n á lé yín jáde."

"Mo gbọ́ nígbà tó sọ ọ́. Múra."

"Níbo lẹ fẹ́ lọ?"

"Ṣé n kò níbi tí wọ́n ti bí mi ni? Ta ni wọ́n ń pè ní ọmọ ìlú Ààyè?" Mo gba ewé lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò ní lé mi. Ẹnu lásán ló ń yá a. Mo mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ."

Irọ́ ni. Ó gbà á gbọ́, tàbí ó ṣe bí ẹni gbà á gbọ́. Ó gbé àpò rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, gbogbo wọn ń wò ó, ó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ìkọ̀lé kó lè ti ibẹ̀ lọ sí Adó.

Pirinsípà ò pariwo. Ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó bu omi mu, ó ní kí Adéwálé bá mi kó ẹrù mi síta. Àwọn ìyàwó ilé tó pàtẹ́wọ́ fún mi ló gbé ìkòkò ẹ̀kọ mi. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mo fẹ́ tà á. Ìyá Bọ́lánlé dúró sí gọ̀bì iwájú ilé, ó ní, "Ìràwọ̀ ti jábọ́ o."

Mo kúnlẹ̀ níwájú Pirinsípà. N kò bẹ̀ ẹ́ nítorí ilé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ́ kí Tóyìn gbọ́ títí á fi parí ìwé rẹ̀."

Ó rò ó. Ojú rẹ̀ tutù, bí ti ẹni tó fẹ́ ṣàánú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Lọ́la, Adéwálé máa gun ọ̀kadà lọ bá a nínú kíláàsì rẹ̀. Á sọ fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìta gbangba ni ìyá rẹ̀ jókòó sí pẹ̀lú ìkòkò. Bó bá rí i pé òun lè ka ìwé lẹ́yìn ìyẹn, kó máa kà á."

N kò dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ dáadáa. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta iṣu ní Ìkọ̀lé ni mo kó ẹrù mi sí, mo wọ mọ́tò. N kò dá nìkan lọ sí Adó rí. Mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀, mo ń wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà bóyá ọ̀kadà Adéwálé ń bọ̀. Nígbà tí mo rí Tóyìn, ó ń lọ sí ilé gíga kan pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìwé wà láyà rẹ̀. Ó ń bá wọn jiyàn. Ó ń ju ọwọ́.

Mo pè é. Ó sáré wá.

Mo ti há ohun tí mo fẹ́ sọ sórí nínú mọ́tò. Mo ní ara bùọ̀dá mi ní Ààyè ò yá, pé èmi fúnra mi ni mo ní kí n lọ máa tọ́jú rẹ̀, pé n kò ní sí ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu fún ìgbà díẹ̀. Mo ní bí Adéwálé bá wá sọ ìsọkúsọ, kó má dá a lóhùn, tíṣà ni wọ́n ń wá. Mo rẹ́rìn-ín pàápàá.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó wo bàtà mi tó kún fún eruku. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ wá sí Adó?"

"Ṣé mo ti di ọmọdé ni?"

Mo rí i pé ó ti mọ̀. Mo rí i pé bí mo bá tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un, á gbé ìwé yẹn sílẹ̀, á tẹ̀ lé mi. Mo ti ìwé náà mọ́ ọn láyà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é láti ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Màámi, olùkọ́ mi ń dúró dè mí."

"Lọ."

Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó dìde, ó lọ. Mo dúró, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má wẹ̀yìn. Kò wẹ̀yìn. Ó wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.